Àpáta Tí Húnsù Dáná Sí

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ọdún tí owó epo fò sókè, tí àwọn awakọ̀ ibùdókọ̀ Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlọ́po méjì dé Èkó ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jí lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó kò sì ní gbàgbé èébú tí ẹ bú awakọ̀ lọ́dún náà. Ẹ wo ìpìlẹ̀ ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ wo àwọn ilé ìfowópamọ́ gogoro wọ̀nyẹn l'Ókè-Ìlewó. Òkúta tó wà lábẹ́ wọn, àwọn Ègùn Ìdí-Ìyeyè ló fọ́ ọ, èmi ni mo fi típà kó o. Nítorí náà, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ àwọn Ègùn kàn yín, kì í ṣe àsọdùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti àsọdùn kì í ṣe ọ̀tá.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ típà àti àwọn afọ́kùúta nítorí pé lọ́jọ́ ìdìbò, èmi nìkan ni bírò wà lápò mi. Bírò náà kò sì ní yíǹkì. Mo ṣe é títí irun mi fi funfun. Mo ti darí ìyanṣẹ́lódì tó mú kí gbogbo kọngílá Abẹ́òkúta wá kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú mi, kí wọ́n máa pè mí ní bàbá. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó lọ bi Olúmọ. Ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjà tí mo jà, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń jí mi. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Bí ènìyàn bá gba Láfẹ́nwá jáde, tó ya sọ́nà eléruku, Ìdí-Ìyeyè ló máa dé kẹ́yìn kí ọ̀nà tó di oko. Àwọn Ẹ̀gbá tó ni ilẹ̀, àgbẹ̀ ni wọ́n, ohun tí baba wọn bọ náà ni wọ́n ń bọ. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ni àwọn Ègùn ń gbé. Àwọn kan wá láti ìhà Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè, àwọn kan wá láti Àgbádárìgì tó jẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, àwọn kan kò wá láti ibì kankan, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Àwa kò bèèrè. Ègùn ni gbogbo wọn lójú wa.

Iná ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Wọ́n á to igi àti táyà ògbólógbòó lé e lórí, wọ́n á dáná sí i láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àpáta á gbóná títí inú rẹ̀ yóò fi sán, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí egungun bá ń kán. Wọ́n á jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tó fi òòlù lé e. Òfin kan sì wà láàárín wọn tí kò sí nínú ìwé: ẹni tó bá dáná sí àpáta ló ni ín. Bí ó ṣàìsàn, bí ó rìnrìn àjò, ẹnikẹ́ni kò ní gbé òòlù kàn án títí yóò fi dé. Mo rí àpáta kan tó dúró de ẹni tó ni ín títí koríko fi hù sínú sísán rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Húnsù lọ̀rẹ́ mi láàárín wọn. Ọkùnrin kúkúrú, apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni Sènámì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, oyún inú rẹ̀ ti tóbi débi pé ó ń fi ọwọ́ gbé e bí ẹni gbé agbọ̀n. Bí mo bá dé ilé wọn, Húnsù á ní, "Sènámì, bu oúnjẹ fún Ọ̀gá Akọ̀wé kí irọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí irọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ kò ní àyè fún oúnjẹ mọ́."

Ní iwájú ilé Húnsù, ní òdìkejì ọ̀nà, ni ilé Ìyá Ṣọlá wà. Ẹ̀gbá ni, opó ni, láfún ló ń sá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ṣọlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá òkú Ṣọlá nínú kòtò kúárì tí omi òjò ti kún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Ara rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé òkú dé ilé ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti gun ọ̀kadà dé Láfẹ́nwá pé Ègùn ti gé e fi ṣe oògùn owó.

Ẹni tó ń pín ọ̀rọ̀ náà kiri ni alága àwọn ọ̀dọ́, tí a ń pè ní Ìjàgbọ̀n. Kò sí ẹni tó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìgboro Abẹ́òkúta ló ti dàgbà, nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí ló rántí pé òun ní abúlé.

Ó pe ìpàdé sí abẹ́ ìyeyè níwájú ilé Baálẹ̀. Baálẹ̀ jókòó, ó di ọ̀pá mú, ó fi ìpàdé sílẹ̀ fún wọn. Ìjàgbọ̀n dúró sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin bàbá mi, a kì í bá ejò sùn kí a ní kí ó má bu ni jẹ. Baba ńlá àwọn ènìyàn yìí ló gbógun wá bá wa láti Dàhọ̀mì, baba ńlá wa ló lé wọn. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ yìí, kí Ègùn kankan má kù sí Ìdí-Ìyeyè. Ọkùnrin wọn, obìnrin wọn, ọmọ ọwọ́ wọn."

Àwọn ènìyàn pariwo. Mo rí i pé àwọn tó ń pariwo, àwọn tí mo mọ̀ ni. Ọkùnrin tó bá mi gbé pósí ìyá mi wà lára wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kọ́kọ́ bà mí. Ẹni tí ènìyàn kò mọ̀ kò lè dẹ́rù bani tó ẹni tí a mọ̀ tí ojú rẹ̀ yí padà.

Mo dìde. Irinṣẹ́ tí mo ní kò ju ẹnu lọ, mo sì lò ó. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o! Kọ́ọ̀tù gbogbo ayé wà ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Háàgì. Ẹni tó bá lé odidi ẹ̀yà kúrò nílùú, wọ́n á wá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e. Èmi fúnra mi ti dé Háàgì rí. Mo rí ọba kan níbẹ̀ tí wọ́n gbé adé rẹ̀ kọ́ sójú fèrèsé ẹ̀wọ̀n."

Ìjàgbọ̀n wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Bàbá Akọ̀wé, mọ́tò wo ló gbé yín dé ibẹ̀? Típà?"

Gbogbo abẹ́ ìyeyè bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, nítorí pé ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ ọ̀hún dára ju ohun tó lè tẹ̀ lé e. Ohun tó sì tẹ̀ lé e náà nìyí. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé ìdí tí ẹ fi ń gbèjà wọn ni pé ẹ̀yin náà jẹ nínú ẹran Ṣọlá?"

Ẹ̀rín dá. Mo jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ "ẹ kó lọ." Mo mọ̀ ọ́n. Gáná ni mo ti lo ìgbà èwe mi, ní Kùmásì, níbi tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Lọ́jọ́ kan ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àlejò máa lọ, àwa Yorùbá la sì pọ̀ jù nínú wọn. Aládùúgbò tó ń fún mi ní ẹ̀pà jẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì wa, ó ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Ìyá mi gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná, ó gbé e rù bó ṣe gbóná, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́. Awọ orí rẹ̀ bó. Títí tó fi kú, irun kò hù síbẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ìpàdé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlewó, sí ọ́fíìsì Mọ́tùnráyọ̀. Ọmọbìnrin àbúrò mi ni, lọ́yà ni. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo fi Háàgì kún un.

Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Bàbá, ẹ má dárúkọ Háàgì mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òfin tó kàn wá kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn kan wà tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà jọ fọwọ́ sí, Nàìjíríà sì ti sọ ọ́ di òfin níbí. Ó ní a kò gbọdọ̀ lé àlejò lápapọ̀ nítorí ẹ̀yà wọn, tàbí àwọ̀ wọn, tàbí ẹ̀sìn wọn. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, kí a mú un, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, òun nìkan. Èyí jẹ́ ti àlejò tó ti orílẹ̀-èdè mìíràn wá o. Àwọn tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nínú wọn ńkọ́? Ta ló lè lé ọmọ onílé? Kódà ìjọba kò ní agbára yẹn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti alága ọ̀dọ́."

Inú mi dùn. Mo ní, "Ó parí. Fún mi ní ìwé náà kí n lọ kà á fún wọn."

"Wọn kò ní gbọ́. Àṣẹ adájọ́ la nílò, àti ọlọ́pàá tí yóò tẹ̀ lé e. Mo lè gbé ẹjọ́ náà lọ lónìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ọjọ́ ọjà yín ni adájọ́ máa jókòó."

"Ọjọ́ kejì ọjà? Òkú ni adájọ́ fẹ́ gbà sílẹ̀?"

"Òfin wà, Bàbá. Kò ní ẹsẹ̀ ni." Ó fa bírò àti ìwé sọ́dọ̀. "Èmi á wá fúnra mi lọ́jọ́ ọjà. Màá dúró síwájú wọn."

"Ìwọ? Kí wọ́n kàn pe Orò lọ́jọ́ náà, o kò ní lè…" Ọ̀rọ̀ dá mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ gbọ́, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyí. Bí Orò bá jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ sí níta. Ilé ni wọ́n máa wà, ilẹ̀kùn títì, fèrèsé títì, títí Orò yóò fi wọlé. Ó dára. Báwo wá ni ẹnikẹ́ni ṣe máa lé Sènámì jáde ní ìlú, lọ́jọ́ tí ìlú kan náà ní kò gbọdọ̀ jáde nílé?

Mo sọ ọ́ fún Mọ́tùnráyọ̀. Mo rò pé ó máa bọ̀ mí lọ́wọ́ ni. Ojú rẹ̀ le.

"Bàbá, Orò yẹn fúnra rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ bá a ní kọ́ọ̀tù. Ta ló fún ọkùnrin láṣẹ láti ti obìnrin mọ́lé? Ẹ fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n obìnrin gba obìnrin là?"

"Ọjọ́ kan ni."

"Ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá wá gbàgbé òfin Orò ńkọ́? Ẹ ti ti aboyún mọ́lé de àwọn tó ní iná lọ́wọ́."

Mo ní kí ó gbé ẹjọ́ náà lọ, mo sì jáde.

Ìjàgbọ̀n ni mo kọ́kọ́ lọ bá, níbi tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń mu ọtí. Mo fi ojú jọ ẹni tó ti ronú pìwà dà. Mo ní, "Alága, mo ti rò ó. Ẹ̀tọ́ ni kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ìjà jà. Tí ẹ bá lé wọn lọ́jọ́ tí ojú ń ríran, ọlọ́pàá á dé, àwọn obìnrin á máa fi fóònù ya fọ́tò yín. Ẹ pe Orò. Ta ló máa jáde wá ya fọ́tò?"

Ó na ọwọ́ sí mi. "Bàbá Akọ̀wé! Orí àgbà nìyí! Ẹ bu ọtí fún bàbá."

Ọmọ ìgboro ni wọ́n. Orúkọ Orò ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ òfin rẹ̀. Mo mu ọtí náà, ó dà bí epo ọkọ̀ lẹ́nu mi.

Abọrẹ̀ tó ni Orò jíjáde, oko ni mo bá a, ó ń tu ẹ̀gẹ́. Ó dàgbà jù mí lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kéré. Mo kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Mo ní àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí Orò jáde lọ́jọ́ ọjà.

"Ẹni tó kú sómi ní ètùtù. Ó yẹ kó jáde." Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀gẹ́. "Ìwọ Akọ̀wé, kí ni ìwọ ń wá níbẹ̀?"

"Ọjọ́ kan ni mo ń wá, Bàbá."

Ó wò mí pẹ́. Ó padà sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo rìn kúrò lóko náà láì mọ̀ bóyá mo ní ẹni tó máa gbà mí tàbí ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí mo sọ fún Húnsù, orí àpáta ló wà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ to táyà lé àpáta ńlá kan tán, ó sì ti dáná sí i. Èéfín dúdú ń lọ sókè.

"O ń dáná?" ni mo bi í. "Lónìí?"

"Kí ni kí n ṣe, Ọ̀gá? Kí n jókòó máa wo ọjọ́?" Ó gbọ́ ètò mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ní kí n ti Sènámì mọ́lé, kí n sì máa retí àwọn tó fẹ́ sun ún."

"Ẹ ò lè sá lọ báyìí. Wọ́n ti dènà sí ọ̀nà Láfẹ́nwá, wọ́n lu àwọn tó jáde lánàá."

"Mo mọ̀." Ó nu ojú. "Ọ̀gá Akọ̀wé, gbogbo irọ́ yín ni mo ti gbà gbọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ òtítọ́."

Ọjọ́ ọjà dé, kò sí ọjà. Ohùn kan ti inú igbó wá ní kùtùkùtù, èyí tí n kò ní í ṣàpèjúwe, gbogbo ilẹ̀kùn sì tì. Oòrùn ràn sórí ọ̀nà tí kò ní ẹsẹ̀ obìnrin kankan. Láfún Ìyá Ṣọlá wà lórí àpáta níbi tó sá a sí, adìyẹ ń jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó máa lé e. Mo jókòó sábẹ́ òrùlé Húnsù. Ó dúró ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Láti inú ilé, mo ń gbọ́ mímí Sènámì.

Wọ́n dé nígbà tí oòrùn wà lágbede méjì ọ̀run. Ìjàgbọ̀n wà níwájú. Àwọn tó tẹ̀ lé e gbé kẹ́ẹ̀gì epo ọkọ̀ dání.

"Bàbá Akọ̀wé, ẹ ṣeun. Ẹ kúrò níbẹ̀ báyìí."

Mo la ẹnu. Èmi tí mo ti fi ẹnu mú kọngílá kúnlẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ kan mú jáde. Ọ̀kan nínú wọn da epo sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣàn dé abẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òórùn rẹ̀ gba imú mi. Húnsù gbé òòlù sókè. Mo mọ̀ pé bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni, ó parí fún gbogbo Ègùn tó wà nínú ilé wọn lọ́jọ́ náà. Ìjàgbọ̀n yọ láítà.

Nígbà náà ni Abọrẹ̀ yọ láti kọ̀rọ̀ ilé. Kò yára. Ó rìn kọjá láàárín wọn, ó wo ẹnu ọ̀nà tó tutù fún epo, ó sì jókòó lé e. Mo rí i bí aṣọ rẹ̀ ṣe ń fa epo náà mu.

"Ṣáná sí i," ni ó wí.

Ìjàgbọ̀n fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Bàbá, ẹ dìde. Kì í ṣe yín là ń bá jà."

"Ta lẹ̀ ń bá jà?"

"Àwọn Ègùn."

"Obìnrin ń bẹ nínú ilé yìí?"

"Ó wà."

"Orò ń bẹ níta?"

"Ó wà, Bàbá."

"Bí iná bá lé obìnrin jáde, kí ló máa fojú kàn?"

Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ wọ́n lára díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú àpáta tó ti sán.

Abọrẹ̀ ní, "Bí obìnrin bá rí Orò, a kì í bi obìnrin léèrè. Ẹni tó mú un rí i là ń bi. Bó o bá sì ní Orò lo fẹ́ fi lé ènìyàn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orò kì í jáde sí ilé tí kò mọ orúkọ onílé. Pe orúkọ ẹni tó pa Ṣọlá. Pè é níwájú mi, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀."

"Gbogbo wọn ni!"

"Gbogbo wọn kì í ṣe orúkọ."

Ibẹ̀ ni ohùn obìnrin ti wá. Fèrèsé ilé Ìyá Ṣọlá tì pa, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ la pákó kọjá.

"Ìjàgbọ̀n! Ìwọ ló ń jà fún mi?"

Gbogbo wa yí padà sí fèrèsé tó tì.

"Ìyá mi, fún yín ni," ni Ìjàgbọ̀n wí.

"O kò bi mí. Ọmọ mi ló kú, o kò bi mí. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló pa á, tí o wá lé gbogbo wọn lọ, ẹni náà á bá wọn lọ. Ta ló máa wá sọ orúkọ rẹ̀ fún mi? Ìwọ? Jẹ́ kí wọ́n jókòó! Jẹ́ kí wọ́n jókòó kí n lè máa wò wọ́n lójú!"

Kì í ṣe àánú ló wà nínú ohùn náà. N kò ní parọ́ fún yín níbẹ̀ yẹn. Obìnrin náà kò fẹ́ràn Ègùn kankan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Mọ́tùnráyọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀ kò lè ṣàlàyé òfin náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tíì sí lọ́yà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ìjàgbọ̀n fi láítà sápò. Ó ní, "Orò á wọlé lálẹ́. Ilẹ̀ á sì mọ́." Wọ́n lọ.

Abọrẹ̀ jókòó síbẹ̀ títí Orò fi wọlé. Nígbà tó dìde, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọjọ́ kan lo ní kí n fún ọ. Mo ti fún ọ." Ó gbé aṣọ rẹ̀ tó ń rùn fún epo, ó bá ti rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró sí ìkóríta títí mo fi rí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Mọ́tùnráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ adájọ́ lọ́wọ́. Adájọ́ ti jí jókòó, ó ti fọwọ́ sí i: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé àwọn Ègùn kúrò ní Ìdí-Ìyeyè lápapọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ṣáájú wọn, mo ń sáré. Mo dé ilé Húnsù, mo kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀.

Wọn kò sí níbẹ̀. Kò sí Ègùn kankan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ọ̀rọ̀ tí Ìjàgbọ̀n sọ kẹ́yìn ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ ti Abọrẹ̀. Nígbà tí àwọn tó dènà sùn lọ, wọ́n gba inú igbó kọjá. Ìkòkò Sènámì wà lórí àdògán. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mọ́tùnráyọ̀ ka àṣẹ náà síta níwájú àwọn ilé náà bí òfin ṣe sọ, ọ̀rọ̀ kan kò jábọ́. Ọlọ́pàá méjì àti àwọn adìyẹ ló gbọ́ ọ.

Ẹ ó bi mí pé kí la rí gbà. A rí àṣẹ yẹn gbà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Hausa ní abúlé kan lẹ́yìn wa, Mọ́tùnráyọ̀ gbé e lọ, kò sì sí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì. Ìdílé díẹ̀ nínú àwọn Ègùn padà, àwọn tó jẹ́ ti Àgbádárìgì. Ìjàgbọ̀n wà, ó kí mi lánàá. Kọ́ọ̀tù ní kí ó fi ọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní dá ìlú rú mọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì ń du ipò káńsílọ̀ báyìí.

Kí la pàdánù? Sènámì bí ọmọ náà sínú igbó, kí wọ́n tó dé ẹnu ibodè. Ọmọ yè. Ẹ má bi mí nípa ìyá rẹ̀.

Ó sì ku gbèsè tí a jẹ. A jẹ Mọ́tùnráyọ̀ ní èsì ìbéèrè rẹ̀ nípa àwọn obìnrin tí a tì mọ́lé. Ó ṣì ń bi mí, mo ṣì ń yí ọ̀rọ̀ padà. A jẹ Ìyá Ṣọlá ní orúkọ kan, tàbí kí ẹnì kan sọ fún un pé kò sí orúkọ, pé omi ni. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn ń ṣe ìwádìí. Àwọn tí ìbá jẹ́rìí, a ti lé wọn lọ. Ó ṣì ń sá láfún rẹ̀, ó sì máa ń kọjú sí ilé Húnsù tó ti wó.

Húnsù pè mí lórí fóònù láti Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa. Mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, mo ní àwọn ọ̀bọ ló ti gba iṣẹ́ rẹ̀ lórí kúárì, wọ́n sì ti dá yúníọ̀n sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá Akọ̀wé, àpáta mi ńkọ́?"

Mo gun òkè lọ wò ó. Ó wà níbẹ̀, dúdú fún èéfín, ó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi òjò ti dúró sínú sísán rẹ̀. Àwọn afọ́kùúta tuntun ti dé sí kúárì náà, ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, àwọn ọmọ Ìjàgbọ̀n wà nínú wọn. Wọ́n ti fọ́ èyí tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n ti fọ́ èyí tó wà lápá òsì.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí wọ́n fi fi èyí sílẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti darúgbó kọjá òye. "Bàbá, ẹlòmíì ló dáná sí i."